Oníbàárà ń fi ìlọ̀kulọ̀ lọ̀ mí níbi iṣẹ́, ọ̀gá mi ní kí n fara dà á

Ẹni tó ń béèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n àti àbúrò mi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Ọkùnrin kan wà tó jẹ́ oníbàárà ńlá fún ilé iṣẹ́ wa. Èmi ni mò ń bójú tó iṣẹ́ rẹ̀, kò sí bí mo ṣe lè yẹra fún un. Tó bá ti wọlé, á di ọwọ́ mi mú, á máa fi àtàǹpàkò ra àtẹ́lẹwọ́ mi, kò sì ní tètè fi í sílẹ̀. Ní báyìí, ó ti ń fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí mi lóru: kí ni mo wọ̀ sùn, ìgbà wo la máa jọ lọ sí òtẹ́ẹ̀lì. Mo sọ fún ọ̀gá mi. Ó ní ọkùnrin yẹn kì í ṣe òṣìṣẹ́ òun, kí n máa rẹ́rìn-ín sí i títí a ó fi gba iṣẹ́ ọdún tó ń bọ̀. Ṣé lóòótọ́ ni pé kò kan ọ̀gá mi? Mi ò fẹ́ pàdánù iṣẹ́ yìí, ṣùgbọ́n ẹ̀rù a máa bà mí tílẹ̀ bá ti mọ́.

Màmá Èjìrẹ́: Pẹ̀lẹ́, ọmọ mi. O ò ṣẹ ẹnikẹ́ni. Má pa àwọn ọ̀rọ̀ yẹn rẹ́ o, bó ti wù kí wọ́n rí ọ lára tó. Ya àwòrán wọn, kí déètì àti aago hàn, kó o fi wọ́n pamọ́ síbi tí kì í ṣe kọ̀ǹpútà ilé iṣẹ́.

Bọ̀dá Lọ́yà: Àbúrò mi, ó kan ọ̀gá rẹ gbọ̀ngbọ̀n. Àjọ Àwọn Òṣìṣẹ́ Lágbàáyé, ILO, ṣe àdéhùn C190 lórí ìwà ipá àti ìfòòró níbi iṣẹ́ ní 2019, ó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2021. Kì í ṣe inú ọ́fíìsì nìkan ló kàn; ìrìn àjò iṣẹ́ wà níbẹ̀, ọ̀rọ̀ orí fóònù tó bá jẹ mọ́ iṣẹ́ náà wà níbẹ̀. Ìmọ̀ràn 206 tó bá a rìn dárúkọ àwọn oníbàárà gan-an. Orílẹ̀-èdè tó bá tọwọ́ bọ àdéhùn náà ló dè, torí náà wo òfin ibi tó o wà.

Ní Amẹ́ríkà, bí agbanisíṣẹ́ bá mọ̀, tàbí tó yẹ kó ti mọ̀, pé ará ìta ń fòòró òṣìṣẹ́ rẹ̀, tó sì lágbára láti dá sí i ṣùgbọ́n tí kò tètè ṣe nǹkan kan, ẹ̀bi lè wà lọ́rùn rẹ̀. Agbára wo lọ̀gá rẹ ò ní? Ṣé kò lè gbé iṣẹ́ ọkùnrin yẹn fún ẹlòmíì ni? Ṣé kò lè kìlọ̀ fún un ni? Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, láti October 26, 2024, òfin ní kí agbanisíṣẹ́ ti gbé ìgbésẹ̀ tó yẹ kí irú ìwà bẹ́ẹ̀ tó wáyé rárá. Bí òṣìṣẹ́ bá jàre, tí ilé ẹjọ́ sì rí i pé wọn ò ṣe bẹ́ẹ̀, ó lè fi tó ìdá 25 nínú ọgọ́rùn-ún kún owó gbà-máà-bínú.

Ṣùgbọ́n o rí ọ̀rọ̀ yẹn, “bó bá mọ̀”? Ibẹ̀ gan-an ni gbogbo rẹ̀ wà. Ọ̀rọ̀ ẹnu lo bá ọ̀gá rẹ sọ, ó lè sẹ́ ẹ lọ́la. Kọ ọ́ sílẹ̀.

Àbúrò kan: Ẹ má bínú o, ṣé kò ní dáa kó kàn fiṣẹ́ náà sílẹ̀?

Ẹ̀gbọ́n HR: Rárá o, kó má tíì ṣe bẹ́ẹ̀. Ó ti pẹ́ tí mo ti wà lẹ́nu iṣẹ́ HR, ẹ̀ka tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ àwọn òṣìṣẹ́, ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́: ilé iṣẹ́ ló ń san owó oṣù wa, a kì í ṣe lọ́yà òṣìṣẹ́. Ṣùgbọ́n tí ìwé bá ti dé ọwọ́ wa, ó ṣòro fún ẹnikẹ́ni láti ní òun ò gbọ́. Má ṣe gbé ìbínú sínú rẹ̀. Kọ ọ́ báyìí: “Lọ́jọ́ báyìí, oníbàárà wa di ọwọ́ mi mú. Mo ní kó fi í sílẹ̀, kò fi í sílẹ̀. Mo sọ fún yín lọ́jọ́ báyìí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kìlọ̀ fún un, ẹ sì gbé iṣẹ́ rẹ̀ fún ẹlòmíì, láìjẹ́ pé owó tí mò ń gbà dín kù.” Gbólóhùn tó gbẹ̀yìn yẹn ṣe pàtàkì. Mo ti rí i tí wọ́n gba iṣẹ́ ńlá lọ́wọ́ ẹni tó fẹjọ́ sùn, tí wọ́n ní àwọn ń dáàbò bò ó. Ìyà lèyí.

Ẹni tó ń béèrè: Ẹ ṣé gan-an. Tí wọ́n bá wá lé mi ńkọ́?

Bọ̀dá Lọ́yà: Ọ̀pọ̀ òfin ló ní wọn ò gbọdọ̀ fìyà jẹ ẹni tó fẹjọ́ sùn, ìyẹn sì lè di ẹjọ́ mìíràn lọ́tọ̀. Àmọ́ má fi àkókò ṣòfò. Ní Amẹ́ríkà, ọjọ́ 180 lo ní láti fẹjọ́ sùn lọ́dọ̀ àjọ ìjọba àpapọ̀, ó sì máa ń tó 300 láwọn ibòmíì. Ní Íńdíà, òfin 2013 fúnni ní oṣù 3, ilé iṣẹ́ tó bá sì ní òṣìṣẹ́ 10 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ gbọ́dọ̀ ní ìgbìmọ̀ tó ń gbọ́ irú ẹjọ́ yìí, obìnrin ni alága rẹ̀. Béèrè gbèdéke ti ibi tó o wà lọ́sẹ̀ yìí. Tẹ́ ẹ bá ní ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́, bá wọn sọ ọ́.

Ẹni tó ń béèrè: Mo ti kọ ọ́, mo fi ránṣẹ́ sí ọ̀gá mi àti HR lórí ímeèlì. Ẹnì kan tá a jọ ń ṣiṣẹ́ tó jókòó nítòsí ní òun rí i lọ́jọ́ tí oníbàárà náà di ọwọ́ mi mú, òun á sì jẹ́rìí.

Bọ̀dá Lọ́yà: Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ní kó kọ tirẹ̀ sílẹ̀ lónìí, kó fi déètì sí i, kó sì buwọ́ lù ú. Má bá a kọ ọ́ o, ọ̀rọ̀ ẹnu ara rẹ̀ ni kó jẹ́.