Corolla 2003 tòkunbọ̀ mi ń mu ọ́ìlì: ṣé 5W-30 ni kí n rọ sí i ni, àbí 20W-50?

Olùkọ́ Mọdákẹ́kẹ́

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará wa. Mọdákẹ́kẹ́ ni mo ń gbé, Iléṣà sì ni mo ti ń ṣiṣẹ́ olùkọ́, nítorí náà ojoojúmọ́ láti Ọjọ́ Ajé títí di Ọjọ́ Ẹtì ni mo ń gba ọ̀nà Òsú lọ tí mo sì ń gbà á bọ̀, nǹkan bí 60 kìlómítà lójúmọ́. Oṣù mẹ́ta sẹ́yìn ni mo ra Toyota Corolla 2003 kan tí wọ́n kó wọlé láti Amẹ́ríkà. Iye tí ó wà lórí dáṣíbọ́ọ̀dù rẹ̀ lọ́jọ́ tí mo gbà á jẹ́ 142,318.

Ọ̀gá tí ó ń bá mi tún un ṣe sọ pé ẹ́ńjìnnì tí ó ti dàgbà kò gbọdọ̀ mu ọ́ìlì tí ó ṣàn, ó sì rọ 20W-50 sí i. Láti ìgbà náà, bí mo bá ti ṣí ọkọ̀ ní òwúrọ̀, mo máa ń gbọ́ ìró kan bí ìgbà tí ènìyàn ń mi owó ẹyọ nínú agolo, kì í ju ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́ta tàbí mẹ́rin lọ tí yóò fi dákẹ́. Ẹni tí ó ń ta ọ́ìlì ní Lágéré wí fún mi pé 5W-30 ni ìwé ọkọ̀ náà sọ, ṣùgbọ́n alábàágbé mi ní ìwé òyìnbó ni, pé ìlú tí yìnyín ti ń bọ́ ni wọ́n kọ ọ́ fún. Ohun tí ó wá ń dẹ́rù bà mí jù ni pé láàrin ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ọ́ìlì náà ti kúrò ní àmì òkè lórí géèjì, irin tí a fi ń wọn ọ́ìlì, ó ti dé agbedeméjì, bẹ́ẹ̀ n kò sì rí i kí ó kán sílẹ̀ níbi tí mo ń gbé ọkọ̀ sí. Ẹ jọ̀wọ́, ọ́ìlì wo ni kí n máa lò, ṣé ọ́ìlì náà ni ó sì ń fa dídín tí ó ń dín yìí?

Mẹkáníìkì Ìjẹ̀ṣà

Olùkọ́, ẹ kú ìrìn ọ̀nà Òsú. Iléṣà níbí ni ṣọ́ọ̀bù mi wà, irú ọkọ̀ yín yìí kì í sì í wọ́n níwájú mi. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ túmọ̀ àwọn nọ́ńbà wọ̀nyẹn, nítorí pé ọ̀pọ̀ nínú wa ń pè wọ́n lásán ni. Nọ́ńbà tí ó ṣáájú W ń sọ bí ọ́ìlì ṣe ń ṣàn nígbà tí ó bá tutù. Èyí tí ó tẹ̀lé W ń sọ bí ó ṣe ki tó nígbà tí ó bá ti gbóná dé ìwọ̀n 100 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Nítorí náà, bí ẹ bá ti dé Òsú tí ẹ́ńjìnnì ti gbóná dáadáa, 5W-30 àti 10W-30 ti di ọgbọọgba, ṣùgbọ́n 20W-50 ki jù wọ́n lọ ní àárọ̀, ó sì tún ki jù wọ́n lọ ní ọ̀sán.

Alábàágbé yín kò purọ́ pé kò sí yìnyín ní Ifẹ̀, àmọ́ ibi tí ó ti ṣìnà ni pé ó rò pé nọ́ńbà ìṣáájú kò kàn wá nítorí ìyẹn. Ẹ́ńjìnnì tí ó sùn mọ́jú kò gbóná ju afẹ́fẹ́ àárọ̀ lọ, bóyá 20 tàbí 24, bẹ́ẹ̀ ìhà 100 ni ó ti ń ṣiṣẹ́ rẹ̀. Lójú ẹ́ńjìnnì, òwúrọ̀ tiwa náà tutù. Ìró owó ẹyọ tí ẹ ń gbọ́ yẹn, ọ́ìlì ni kò tíì gun òkè dé ibi tí wọ́n ti ń retí rẹ̀, irin sì ń fi ara gbo irin títí yóò fi dé.

Corolla yín tún ní ohun kan tí àwọn ọkọ̀ àtijọ́ kò ní. 1ZZ-FE ni a ń pe ẹ́ńjìnnì rẹ̀, ó sì ní ètò VVT-i tí ó máa ń yí àkókò tí fáàfù, ẹnu ọ̀nà afẹ́fẹ́ àti èéfín nínú ẹ́ńjìnnì, ń ṣí padà bí ọkọ̀ ṣe ń sáré sí. Agbára ọ́ìlì ni ètò yìí fi ń ṣiṣẹ́, ihò tí ọ́ìlì ń gbà dé ibẹ̀ kò tóbi, ajọ̀ kékeré kan sì wà lẹ́nu rẹ̀. Ọ́ìlì tí ó bá ki jù yóò máa pẹ́ kí ó tó dé ibẹ̀. N kò sọ pé 20W-50 yóò ba ọkọ̀ yín jẹ́ lọ́la o, ṣùgbọ́n 5W-30 ni ìwé rẹ̀ fẹ́, ó sì gba 10W-30 pẹ̀lú níbi tí òtútù kò bá ti le. Èmi a máa fi 10W-30 sí irú rẹ̀ fún àwọn oníbàárà mi.

Ní ti dídín tí ó ń dín, ọ̀nà méjì ni ọ́ìlì ń gbà kúrò nínú ẹ́ńjìnnì: bí kò bá jò, á jẹ́ pé ó jó. Kì í ṣe gbogbo èyí tí ó jò ni ó ń kán sílẹ̀. Ẹ ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, kí ẹ fi tọ́ọ̀ṣì wo ibi tí tápẹ́ẹ̀tì kọ́fà, ìdérí orí ẹ́ńjìnnì, ti pàdé ẹ́ńjìnnì, kí ẹ sì wo tẹ́ńṣọ́nà ṣéènì, ohun tí ó ń fa ṣéènì ẹ́ńjìnnì le, pẹ̀lú, nítorí pé rọ́bà róbótó kan wà lára rẹ̀ tí ó máa ń gbẹ lára 1ZZ-FE, ọ́ìlì á sì máa yọ́ gba ibẹ̀ díẹ̀díẹ̀, eruku á lẹ̀ mọ́ ọn, yóò wá dúdú bí ìsàlẹ̀ ìkòkò. Bí kò bá sí ohun tí ó tutù níbẹ̀, ẹ ní kí ẹnì kan dúró sí ẹ̀yìn ọkọ̀ nígbà tí ẹ bá ń ṣí i ní àárọ̀. Èéfín búlúù tí ó bá jáde lẹ́ẹ̀kan tí ó sì tán, fáàfù síìlì, rọ́bà tí ń dí ọ́ìlì lẹ́nu fáàfù, ni ó sábà máa ń jẹ́. Èyí tí ó bá ń jáde nígbà tí ẹ bá tẹ iná láti gun òkè, ríìngì píṣítìnì ni, òrùka tí ó yí irin tí ń lọ sókè sódò nínú ẹ́ńjìnnì ká. Nínú àwọn 1ZZ-FE tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe, àwọn ihò tí ọ́ìlì ń gbà padà lára píṣítìnì kéré jù, èérí tí ó jóná máa ń dí wọn, Toyota fúnra rẹ̀ sì yí píṣítìnì náà padà nígbà tí ó yá. Ọ́ìlì tí ó ki lè jẹ́ kí ọ̀ràn náà fara pamọ́ fún ìgbà díẹ̀, kò lè la ihò tí ó ti dí.

Kí ẹ tó náwó kankan, ẹ wọ̀n ọ́n ná. Ẹ gbé ọkọ̀ sí ibi tí ó tẹ́jú, kí ẹ rọ ọ́ìlì dé àmì òkè gan-an, kí ẹ kọ iye tí ó wà lórí dáṣíbọ́ọ̀dù sílẹ̀, kí ẹ sì máa fa géèjì yọ ní gbogbo àárọ̀ Sátidé kí ẹ tó ṣí ọkọ̀. Nǹkan bí lítà kan ni ó wà láàrin àmì méjèèjì. Ohun tí Toyota ń kọ sínú ìwé ni pé bí ẹ́ńjìnnì bá mu tó lítà 1 láàrin 1,000 kìlómítà, ó ti dé góńgó. Ẹ sì kìlọ̀ fún ọmọ ìkọ́ṣẹ́ tí ó bá ń rọ ọ́ìlì fún yín: lítà 3.7 ni ẹ́ńjìnnì yìí ń gbà bí a bá pààrọ̀ fítà pọ̀ mọ́ ọn, kẹ́ẹ̀gì tí a ń rà sì jẹ́ lítà 4, àwọn ọmọ wọ̀nyí kì í sì í fẹ́ dá nǹkan kan padà fún oníbàárà. Èyí tí ó bá pọ̀ jù, irin tí ń yí nísàlẹ̀ á máa lù ú di ìfófòó, ìfófòó kò sì lè gba irin sílẹ̀ lọ́wọ́ irin.

Ìyá Aláṣọ, Ifẹ̀

Ọ̀gá mẹkáníìkì ti sọ̀rọ̀ ire, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n fi ti èmi kún un, nítorí pé ọ́ìlì tí nọ́ńbà rẹ̀ pé lè má jẹ́ ọ́ìlì rárá. Ní ọdún tí ó kọjá, mo ra kẹ́ẹ̀gì kan lọ́wọ́ ẹnì kan tí n kò ní í dárúkọ, fún Camry mi. Bébà rẹ̀ ń dán, nọ́ńbà tí mo fẹ́ ni wọ́n kọ sí i lára, owó rẹ̀ sì fi díẹ̀ rọ̀ ju ti ibòmíràn lọ, inú mi sì dùn. Ìgbà tí mo délé ni mo tó ṣàkíyèsí pé fóìlì tí ó yẹ kí ó wà lábẹ́ ìdérí kò sí níbẹ̀, pé àmì ibi tí wọ́n ti yọ gọ́ọ̀mù kúrò ṣì wà lẹ́nu kẹ́ẹ̀gì náà yípo. Kẹ́ẹ̀gì òtítọ́ ni, ohun tí ó wà nínú rẹ̀ ni kì í ṣe òtítọ́. Láti ìgbà náà, bí wọ́n bá ti da ọ́ìlì tán sínú ọkọ̀ mi, ọ̀bẹ ni mo fi ń dá ihò sí ìsàlẹ̀ kẹ́ẹ̀gì kí n tó sọ ọ́ nù, kí ẹnikẹ́ni má baà tún fi tà mí. Ọ́ìlì dúdú tí wọ́n bá fà jáde, káfíńtà àdúgbò wa ni mo ń fún, ó ń fi kun igi nítorí ikán.

Ẹ máa wo lẹ́tà API (àjọ Amẹ́ríkà tí ń pín ọ́ìlì sí ìpele) tí ó wà lára kẹ́ẹ̀gì pẹ̀lú. Èyí tí ó bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú S, ti ọkọ̀ tí ń lo pẹtiróòlù ni. Ti C jẹ́ ti dísù. SL ni ó wà lóde nígbà tí wọ́n ṣe Corolla yín, SM, SN àti SP tí wọ́n tẹ̀lé e náà sì bá a mu.

Awakọ̀ Àtijọ́

Ẹ̀yin ọmọ mi, mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yín. Peugeot 504 tí wọ́n tò ní Kàdúná ni mo fi kó èrò láti Iléṣà sí Àkúrẹ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún, mo fi gun àwọn òkè Ìpetu-Ìjẹ̀ṣà pẹ̀lú ẹrù lórí, ọ́ìlì tí ó ki ni mo ń rọ sí i, SAE 40 tí kò ní nọ́ńbà W, tàbí 20W-50, ẹ́ńjìnnì mi kò sì nọ́ọ̀kù rí. N kò gbà pé ọ̀gá tí ó rọ 20W-50 sí ọkọ̀ olùkọ́ jẹ́ aláìmọ̀kan. Ẹ má sì gbàgbé pé ní Amẹ́ríkà, òfin wà lórí iye epo tí ọkọ̀ ń jẹ, ọ́ìlì tí ó ṣàn sì máa ń dín epo kù díẹ̀, kì í ṣe tìtorí ẹ́ńjìnnì nìkan ni wọ́n ṣe ń kọ 5W-30 sínú ìwé.

Mẹkáníìkì Ìjẹ̀ṣà

Bàbá, ẹ ṣeun, òdodo ni ẹ sọ nípa òfin epo, mo sì ti rí i pé ìwé tí àwọn ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ kan kọ fún ilẹ̀ gbígbóná máa ń gba ọ́ìlì tí ó ki ju ti Amẹ́ríkà lọ. Bí ẹni kan bá gbé 504 wá sí ṣọ́ọ̀bù mi lónìí, 20W-50 ni èmi náà yóò rọ sí i. Ohun tí mo tilẹ̀ máa ń bẹ̀rù fún irú 504 bẹ́ẹ̀ ni àwọn ọ́ìlì tuntun, nítorí pé láti ìgbà SM, ní 2004, ni wọ́n ti dín èròjà síǹkì àti fọ́sífọ́ọ̀sì kù nínú ọ́ìlì tí ó ṣàn, tápẹ́ẹ̀tì àwọn ẹ́ńjìnnì ìgbà náà sì nílò wọn. Ṣùgbọ́n ẹ́ńjìnnì yín kò ní VVT-i, Bàbá, ti olùkọ́ ní in. Bí a bá wá wọ̀n ọ́n tí a rí i pé ríìngì ti jẹ, tí owó ẹ́ńjìnnì kò sì tíì sí nílẹ̀, mo lè gùn ún dé 10W-40, n kò ní í fò tààrà sí 50.

Awakọ̀ Àtijọ́

Mo gbọ́. Ìró àárọ̀ yẹn kò dára létí èmi náà.

Olùkọ́ Mọdákẹ́kẹ́

Ẹ kú sùúrù. Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin ti kọjá, mo sì fẹ́ jẹ́ kí ẹ mọ ibi tí ọ̀rọ̀ dé. Mo gbé ọkọ̀ náà lọ sí Iléṣà, a fa 20W-50 jáde, a rọ 10W-30 SN sí i, a sì pààrọ̀ fítà. Lítà 3.7 náà ni ó gbà lóòótọ́. Èyí tí ó ṣẹ́kù nínú kẹ́ẹ̀gì wà nínú búùtù mi. Nígbà tí a fi tọ́ọ̀ṣì wo ẹ̀gbẹ́ ẹ́ńjìnnì, a bá ìdọ̀tí dúdú tí ó ki bí àmàlà ní abẹ́ tẹ́ńṣọ́nà tí ẹ wí, ọwọ́ mi ni mo fi nù ún kí n tó gbà pé ọ́ìlì ni. Rọ́bà rẹ̀ ti gbẹ débi pé ó dá sí méjì nígbà tí wọ́n yọ ọ́.

Ìró àárọ̀ ṣì wà ní ọjọ́ kejì àti ọjọ́ kẹta, ṣùgbọ́n kò gùn tó ti tẹ́lẹ̀, láti ọ̀sẹ̀ kejì ni n kò sì ti gbọ́ ọ mọ́. Láàrin 1,200 kìlómítà tí mo ti rìn, nǹkan bí lítà 0.4 ni mo ti fi kún un. Ẹ̀gbọ́n mi tí ó dúró sí ẹ̀yìn ọkọ̀ ní òun rí èéfín fẹ́ẹ́rẹ́ ní àárọ̀ ọjọ́ kan, tí kò pẹ́ tí ó fi pòórá.

Mẹkáníìkì Ìjẹ̀ṣà

Fáàfù síìlì ni yóò jẹ́, kò sì tíì tó ohun tí a ń torí rẹ̀ tú ẹ́ńjìnnì. Ẹ máa lo 10W-30 náà lọ, ẹ máa pààrọ̀ rẹ̀ ní 5,000 kìlómítà, kí ẹ má sì jẹ́ kí géèjì lọ sí ìsàlẹ̀ àárín. Ṣùgbọ́n, olùkọ́, Amẹ́ríkà ni ọkọ̀ yín ti wá: máìlì ni dáṣíbọ́ọ̀dù rẹ̀ ń kà, kì í ṣe kìlómítà.

Olùkọ́ Mọdákẹ́kẹ́

Háà! 144,800 ni ó wà lórí rẹ̀ lọ́jọ́ tí a rọ ọ́ìlì, ọmọ ìkọ́ṣẹ́ yín sì kọ 149,800 sórí bébà tí ó lẹ̀ mọ́ ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn. Mo ti fi bírò fa ìlà gba orí rẹ̀ kọjá, mo sì ti kọ 147,900 sí abẹ́ rẹ̀, nítorí pé 5,000 kìlómítà kò ju nǹkan bí máìlì 3,100 lọ.