Áàpù wo ló dáa fún kíka ọjà àti ṣíṣírò owó oúnjẹ ní ilé oúnjẹ kékeré?

AlásèÒkèFìà

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o ẹ̀yin èèyàn mi. Ẹ jọ̀ọ́, ìmọ̀ràn ni mo wá gbà. Ilé oúnjẹ kékeré ni tèmi, tébù mẹ́fà, òṣìṣẹ́ mẹ́rin, Òkè-Fìà ní Òṣogbo níbí la wà, àmàlà, ìrẹsì, ẹ̀wà, iyán tó bá di Sátidé. Nígbà ọdún Ọ̀ṣun ní Ògọ́ọ̀sì tó kọjá yìí, èrò pọ̀ débi pé ẹ̀ẹ̀mẹta la ń se oúnjẹ lójúmọ́, a tà títí ìkòkò fi gbẹ, inú mi ń dùn, àfìgbà tí mo jókòó ka owó tí mo rí i pé owó tí mo máa fi padà ra àpò ìrẹsì gan-an ò pé. Ta ló wá jẹ èrè yẹn?

Wọ́n ní kí n wá sọ́fítíwíà. Ọmọkùnrin kan gbé láptọ́ọ̀pù wá, ó ń fi gíráàfù aláràbarà hàn mí, owó ọdún kan gbáko ló sì fẹ́ gbà lẹ́ẹ̀kan náà. Mo ní kò burú, ibo ni mo máa kọ kóńgò èlùbọ́ sí? Ó ní kìlò ni mo máa kọ. Mo ní kìlò mélòó wá ni kóńgò kan? Ó wò mí, èmi náà wò ó. Ibẹ̀ la parí ẹ̀ sí.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ń lò ó, èwo lẹ ń lò? Fóònù Android ni mo ní, mi ò dẹ̀ fẹ́ èyí tó máa dákẹ́ tí dátà bá tán.

Kọ̀ǹpútàAlẹ́kúwodò

Ẹ kú iṣẹ́ àǹtí. Mo ti bá ilé oúnjẹ méjì tò ó níbí, Loyverse ni mo gbé fún wọn. Títa ọjà lórí ẹ̀, ọ̀fẹ́ ni, orí fóònù náà ló ti ń ṣiṣẹ́, tí nẹ́tíwọ̀kì bá lọ ẹ máa tà lọ ni, tó bá dé á kó gbogbo ẹ̀ lọ sókè fúnra ẹ̀. Èyí tó máa wúlò jù fún yín ni pé ẹ lè so oúnjẹ mọ́ èròjà ẹ̀, ẹ ó sọ fún un pé abọ́ ìrẹsì kan, ìrẹsì báyìí, ọbẹ̀ báyìí, ẹran kan, tẹ́ ẹ bá ti tẹ̀ ẹ́ pé ẹ ta abọ́ kan, á yọ gbogbo ìyẹn kúrò nínú stọ́ọ̀kì, ìyẹn iye ọjà tó wà nílẹ̀. Àmọ́ tẹ́ ẹ bá fẹ́ wọnú ọ̀rọ̀ stọ́ọ̀kì dáadáa, owó oṣooṣù ni, dọ́là sì ni, ẹ mọ nǹkan tí dọ́là ti fojú wa rí láti 2023.

Àwọn áàpù bíi MarketMan àti MarginEdge tẹ́ ẹ máa ń rí lórí YouTube, ti Amẹ́ríkà ni, ẹ má dààmú ara yín. Wọ́n dáa o, ṣùgbọ́n ẹ máa ya fọ́tò ínfọ́ìsì, ìyẹn ìwé iye owó ọjà, àwọn tó ń tà fún yín ni kí wọ́n tó ka iye ọjà níbẹ̀. Ta ló ń fún wa ní ínfọ́ìsì lọ́jà Ìgbọ̀nà? Ìyá aláta tó ń fẹnu sọ iye bó ṣe ń da ata sí báàgì yín, tó tún ń bu ènì lé e. Mi ò tíì rí áàpù tó mọ ènì.

Ọlọ́gójì

Ìwé ọlọ́gójì àti bírò. Ọdún kọkànlá mi rèé. Kì í gba dọ́là, bátìrì ẹ̀ kì í tán 😂

ÌyáOníbùkáÌgbọ̀nà

Ọmọ mi AlásèÒkèFìà, kú làálàá. Áàpù kọ́ ló ń bá ẹ jà, ẹran ni. Ta ló ń gé ẹran ní kíṣìnì ẹ? Èmi ti jìyà ẹ̀ rí. Ká ní o ra kìlò mẹ́wàá ní ₦60,000, tó o bá gé e sí ọgọ́rùn-ún, ₦600 ni ọ̀kan. Tí ọmọ tó ń gé e ò bá wojú ẹ, tó gé e sí márùndínláàádọ́rùn-ún, ó ti kúrò ní ₦700, o dẹ̀ ń tà á ní iye tó ò ń tà á tẹ́lẹ̀. Má ka ẹran ní tútù nìkan o, torí ó ń sún lórí iná, kìlò mẹ́wàá lè má ju méje lọ tó bá jinná. Lálẹ́, èmi fúnra mi ni mo máa ń ka èyí tó kù nínú ìkòkò, mi ò rán ẹnikẹ́ni.

Ṣíbí ọbẹ̀ ńkọ́? Ṣíbí kan náà ni gbogbo wọn fi ń bù ú, àbí ẹni tó bá fẹ́ràn kọ́sítọ́mà ló ń bu èyí tó kún?

ṢíìtìNiTèmi

Màmá ti sòótọ́. Àǹtí, ẹ kọ́kọ́ lo Google Sheets, ìwé ìṣirò orí fóònù, fún oṣù kan, ó ń ṣiṣẹ́ láìsí dátà tẹ́ ẹ bá ti tẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ fún ìyẹn. Ìṣirò kan péré lẹ nílò. Ká ní láàárọ̀ Mọ́ńdè ọjà tó wà nílẹ̀ tó ₦180,000, ẹ tún ra ti ₦420,000 láàárín ọ̀sẹ̀, lálẹ́ Sátidé ó ku ₦150,000, a jẹ́ pé ₦450,000 lẹ sè. Tó bá jẹ́ ₦900,000 lẹ pa, ìdajì owó yín ti wọnú ìkòkò nìyẹn kẹ́ ẹ tó sanwó gáàsì àti owó oṣù. Àwọn onílé oúnjẹ ní òkè òkun, láàárín 28 sí 35 nínú 100 owó tí wọ́n bá pa ni wọ́n máa ń fẹ́ kó wọnú ìkòkò. Oníbùká lè jù bẹ́ẹ̀ lọ díẹ̀, ṣùgbọ́n ìdajì ti pọ̀ jù.

Ọ̀rọ̀ kóńgò, ẹ ra síkéèlì kékeré, ẹ wọn kóńgò yín, tìyín gan-an o, torí ti èlùbọ́ yàtọ̀ sí ti ẹ̀wà, kẹ́ ẹ wá lẹ iye ẹ̀ mọ́ ògiri. Iye ata, ọ̀sẹ̀ọ̀sẹ̀ ni kẹ́ ẹ máa yí i, pàápàá nígbà òjò tí tòmátì máa ń gbówó lórí.

AlásèÒkèFìà

Ẹ ṣé gan-an. Màmá, ẹ rí mi láti ilé yín ni? Mo ra síkéèlì lánàá, kóńgò méjì ló wà ní kíṣìnì mi, wọn ò dọ́gba! Ọ̀kan ti tẹ̀ wọnú nísàlẹ̀, òun la fi ń gba èlùbọ́ lọ́wọ́ ẹni tó ń tà á fún wa, èyí tí ò tẹ̀ la fi ń wọ̀n ọ́n tá a bá fẹ́ ro àmàlà. Mo ti sọ èyí tó tẹ̀ nù. Ẹran, láti òní lọ èmi ni mo ń gé e. Màá fi Ṣíìtì ṣe oṣù kan, tó bá yá màá pe Bọ̀dá Alẹ́kúwodò wá gbé Loyverse sí i.

Ìbéèrè kan ló kù: oúnjẹ tí àwọn òṣìṣẹ́ ń jẹ lọ́sàn-án, ibo lẹ máa ń kọ ọ́ sí?

ÌyáOníbùkáÌgbọ̀nà

Ya òpó tiẹ̀ lọ́tọ̀ nínú ìwé ìṣirò ẹ. Abọ́ kan fún ẹnì kan, ẹran kan. Kọ tìẹ náà síbẹ̀ o.