Béárìn ẹ̀yìn 4Runner 1998 tún ti ń kùn lẹ́yìn tí wọ́n pààrọ̀ rẹ̀

Àgbẹ̀ Ìsin:
Ẹ̀yin àgbà nídìí ọkọ̀, mo kí yín o. 4Runner ọdún 1998 ni mo fi ń kó iṣu láti Òkè-Onígbin lọ sí Ìlọrin. Láàárín òjò, táyà ẹ̀yìn lápá òsì bẹ̀rẹ̀ sí í kùn bí ẹ̀rọ ìlọta. Bí eré bá ṣe ń pọ̀ ni ariwo náà ń ga, bí mo bá sì yà díẹ̀ sápá ọ̀tún, a tún le sí i. Mẹkáníìkì kan bá mi pààrọ̀ béárìn, ìyẹn òrùka irin tí táyà fi ń yí geere, òòlù ni ó fi gbá a wọlé. Ariwo lọ fún ìgbà díẹ̀, ṣùgbọ́n ó ti padà dé, ọ́ìlì sì ti ń ṣàn gba inú táyà náà débi pé búréèkì ẹ̀yìn kò mú dáadáa mọ́. Ẹni tí ó ń ta pátì ní kí n ra odindi ṣáàfù tòkunbọ̀ (ọ̀pá irin tí ń yí táyà) tí béárìn ti wà lára rẹ̀. Ẹ jọ̀wọ́, ṣé kí n gbà fún un? Ṣé ó sì pọn dandan kí n fọwọ́ kan apá ọ̀tún tí kò tíì dún?

Mẹkáníìkì Táńkẹ̀:
Ẹ kú iṣẹ́ oko o, ọ̀gá mi. Ẹ kọ́kọ́ dí táyà iwájú, kí ẹ fi jáàkì gbé ẹ̀yìn sókè, kí ẹ di táyà náà mú lókè àti nísàlẹ̀, kí ẹ máa tì í, kí ẹ máa fà á. Bí ó bá ń mì, tàbí tí ó ń ha bí ẹ ti ń yí i, béárìn ni. Ariwo dífù (àpótí jíà tó wà láàárín táyà ẹ̀yìn méjèèjì) yàtọ̀, nítorí òun a máa yí padà nígbà tí ẹ bá tẹná àti nígbà tí ẹ bá gbẹ́sẹ̀ kúrò.

Ọ̀rọ̀ ọ́ìlì yẹn ni ó ká mi lára jù. Béárìn ọkọ̀ yìí ní gíríìsì tirẹ̀ nínú, kò sì yẹ kí ọ́ìlì dífù dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ rárá. Síìlì inú, ìyẹn òrùka rọ́bà tí ó wà lẹ́nu ẹ́kísù (ilé irin tí ṣáàfù wà nínú rẹ̀), ni ó ń dá ọ́ìlì náà dúró. Bí ìyẹn bá ti jẹ, ọ́ìlì a wọlé fọ gíríìsì dànù, a sì gba síìlì ìta jáde sórí láínìn búréèkì, ìyẹn ohun tí ń fún dúrọ́ọ̀mù (abọ́ irin tí ń bá táyà yí) mọ́ kí ọkọ̀ tó dúró. Ẹni tí ó bá pààrọ̀ béárìn tí ó fi síìlì méjèèjì sílẹ̀, iṣẹ́ àbọ̀ ni ó ṣe. Láínìn tí ọ́ìlì ti rin, ẹ má ṣe fi pẹtiróòlù fọ̀ ọ́ kí ẹ dá a padà. Ẹ pààrọ̀ ti apá méjèèjì, kí ọkọ̀ má baà máa fà sí ẹ̀gbẹ́ kan.

Ní ti òòlù, ibẹ̀ ni béárìn tuntun ti ń kú kí ó tó rìn. Ẹ yọ sẹ́ńsọ̀ ABS (ohun tí ń ka bí táyà ṣe ń yí, kí búréèkì má baà há táyà pa) kúrò lára ẹ́kísù kí ṣáàfù má baà fọ́ ọ, ẹ tú páìpù búréèkì àti wáyà háńbúréèkì, ẹ tú nọ́ọ̀tì mẹ́rin tí ó wà lẹ́yìn abọ́ irin tí láínìn jókòó lé, kí ẹ sì fa ṣáàfù jáde pẹ̀lú gbogbo ohun tí ó wà lára rẹ̀. Ó di ọ̀dọ̀ ẹni tí ó ní pírẹ́ẹ̀sì, ẹ̀rọ tí ń rọra fi agbára tẹ irin wọlé. Nígbà tí wọ́n bá ń tẹ béárìn sínú ilé rẹ̀, òrùka ìta ni kí wọ́n tẹ̀; nígbà tí wọ́n bá ń ti ṣáàfù wọ inú rẹ̀, òrùka inú ni kí wọ́n fi gbé e dúró. Bí wọ́n bá ṣe é lódì, àwọn ọmọ irin róbótó inú rẹ̀ ni yóò ru gbogbo agbára náà, wọn yóò sì dá àpá sí ojú ibi tí wọ́n ń yí lé.

Awakọ̀ Ọ̀fà:
Èmi kò ní tako tòkunbọ̀ pátápátá, nítorí kì í ṣe gbogbo ibi ni ènìyàn ti ń rí pírẹ́ẹ̀sì tí ó dára, ti tòkunbọ̀ sì lè jẹ́ èyí tí wọ́n tẹ̀ ní ilé iṣẹ́. Kí ẹ ṣáà rí i pé gígùn rẹ̀ àti eyín tí sẹ́ńsọ̀ ABS ń kà lára rẹ̀ bá ti àtijọ́ mu. Ẹ yí béárìn náà lọ́wọ́, kí ẹ fetí sí i. Ẹ fi èékánná fa ojú ibi tí síìlì ń rìn lé. Bí èékánná bá há sí kòtò kan níbẹ̀, ẹ dá a padà fún olówó rẹ̀. Síìlì inú kì í bá ṣáàfù wá o, inú ẹ́kísù yín ni ti àtijọ́ wà, tuntun ni kí ẹ rà.

Ọmọ Òmù-Àrán:
Kò tíì sí ẹni tí ó mẹ́nu ba ihò tí ẹ́kísù fi ń mí. Ó ní ìdérí kékeré kan lórí. Bí ẹrẹ̀ bá dí i, ooru a mú kí afẹ́fẹ́ inú wú, a sì ti ọ́ìlì gba síìlì jáde. Bí ẹ bá wá gba inú odò kọjá nígbà tí ẹ́kísù gbóná, yóò tutù lójijì, a sì fa omi wọlé. Ẹ wo ọ́ìlì dífù yín: bí ó bá funfun bí ẹni pé wọ́n da mílíìkì sí i, omi ti wọ̀ ọ́ nìyẹn. Ẹ dà á nù, kí ẹ fi ọ́ìlì jíà 80W-90 tí wọ́n kọ GL-5 sí lára agolo rẹ̀ rọ́pò rẹ̀.

Àgbẹ̀ Ìsin:
Ẹ ṣeun púpọ̀. Ìdérí náà ti gan pa pẹ̀lú ẹrẹ̀ pupa, nígbà tí mo sì tú u, afẹ́fẹ́ fín jáde níbẹ̀. Béárìn tuntun àti síìlì méjèèjì ni n ó rà. Apá ọ̀tún ńkọ́?

Mẹkáníìkì Táńkẹ̀:
Bí kò bá mì, tí kò ha, tí dúrọ́ọ̀mù rẹ̀ sì gbẹ nínú, ẹ fi béárìn rẹ̀ sílẹ̀. Bí wọ́n bá parí tòsì, ẹ ní kí wọ́n fa afẹ́fẹ́ inú búréèkì jáde kí ẹ tó gbé ọkọ̀ sọ́nà.