Àwọn ọ̀rẹ́ mi ní kí n san owó ọkọ̀ tó sọnù lójú òkun. Ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Ẹni tó béèrè: Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará mi. Ọ̀rọ̀ mi gùn díẹ̀, ẹ má bínú.

Àwa mẹ́rin la dáwó háyà ọkọ̀ ìgbòkun ní Grenada, ní Caribbean. Ọjọ́ kẹta rèé tí a ti dákọ̀ró sí Tyrrel Bay ní Carriacou, erékùṣù kan tó wà lábẹ́ Grenada. Erékùṣù yìí kéré, àmọ́ ó dùn ún rìn. Mo fẹ́ gun òkè High North tó ga ní mítà 291, mo fẹ́ dé Windward lọ wo ibi tí wọ́n ti ń kan ọkọ̀ onípákó. Ìjì Beryl ba ibí jẹ́ gan-an ní oṣù Keje 2024, mo fẹ́ fojú ara mi rí bí wọ́n ṣe ń tún ilé wọn kọ́. Àwọn ọ̀rẹ́ mi ńkọ́? Ọtí, oorun, káàdì. Ọ̀kan nínú wọn ń hanrun bí ẹ̀rọ ìlọta. Èmi ni mò ń se oúnjẹ, èmi ni mò ń fọ abọ́, wọ́n á tún ní ata ti pọ̀ jù.

Ní báyìí, ọkọ̀ rọ́bà kékeré tí a fi ń lọ sí èbúté ti dàwátì tòun ti ẹ́ńjìnnì. Àwọn tó ni ọkọ̀ á yọ owó rẹ̀ nínú owó tí a fi dógò, àwọn ọ̀rẹ́ mi sì ní èmi nìkan ni kí n san án. Wọ́n fẹ́ ṣí lọ sí Union Island lọ́la. Ṣé kí n fi wọ́n sílẹ̀, kí n wọ ọkọ̀ èrò padà sí erékùṣù Grenada gan-an?

Ìyá Ìbejì: Pẹ̀lẹ́, àbúrò. Ìdí nìyí tí mi ò fi ń bá ọ̀rẹ́ rìnrìn àjò mọ́. A lọ sí Gánà ní 2017, ẹnì kan nínú wa ò dáwó epo títí dòní. Aṣọ ẹbí kan náà la ṣì jọ ń wọ̀.

Ọmọ Ìlàjẹ: Ta ló so ọkọ̀ rọ́bà náà?

Ìjẹ̀ṣà ní London: Grenada kẹ̀! Wọ́n kó àwọn èèyàn wa lọ ṣiṣẹ́ oko níbẹ̀ ní 1849, Ìjẹ̀ṣà sì wà nínú wọn. Wọ́n gbé Ṣàngó débẹ̀.

Ìyá Ìbejì: Ẹ̀gbọ́n, ọkọ̀ ló sọnù, ẹ̀ ń pìtàn.

Ìjẹ̀ṣà ní London: Ẹ̀yin tẹ́ ẹ sọ ti Gánà ńkọ́?

Ẹni tó béèrè: Ẹ ṣé, mà. Ọmọ Ìlàjẹ, ìyẹn kọ́ ni kókó. Olè lè gbé e.

Ọmọ Ìlàjẹ: Òun gan-an ni kókó. Ìwọ̀-oòrùn ni Tyrrel Bay kọjú sí, ìlà-oòrùn sì ni atẹ́gùn ibẹ̀ ti ń fẹ́ wá. Bí okùn bá tú lóru, agbami ni ọkọ̀ ń gbà lọ. Ta ló so ó? Ṣéènì àti àgádágodo dà?

Ẹni tó béèrè: Èmi ni mo lò ó kẹ́yìn. Ilẹ̀ ti ṣú, ẹsẹ̀ ń ro mí. Mo so ó, mi ò kàn rí kọ́kọ́rọ́ àgádágodo ni. Àwọn tó wà nínú ọkọ̀ ò lè yọjú wò ó ni?

Àdùkẹ́ Houston: Háà! Bọ̀dá, ẹ sanwó.

Bàbá Wálé: Rárá o. Ọkọ̀ àjọháyà, gbèsè àjọsan. Kí wọ́n pín in sí mẹ́rin.

Àdùkẹ́ Houston: Tó bá jẹ́ mọ́tò yín ló sọnù ńkọ́, sà?

Bàbá Wálé: Ta ló fẹ́ yá a ní mọ́tò?

Ọmọ Ìlàjẹ: Má kàn dìde lọ o. Orúkọ rẹ wà nínú ìwé tí ọ̀gá ọkọ̀ fún imigiréṣọ̀n. Kí ẹ jọ lọ yọ ọ́ kí wọ́n tó ṣí, torí Union Island ò sí lábẹ́ Grenada, abẹ́ orílẹ̀-èdè míì, Saint Vincent, ló wà.

Ẹni tó béèrè: Ó dáa. Nǹkan kan wà tí mi ò tíì sọ. Ọkọ̀ tó wà nítòsí wa gbé mi dé èbúté láàárọ̀, apẹja kan sì fi fọ́tò hàn mí. Ó rí ọkọ̀ rọ́bà kan lójú òkun, ó fà á wálé. Tiwa ni. 200 dọ́là ilẹ̀ wọn ló ní kí n mú wá fún epo àti wàhálà rẹ̀. Mi ò tíì sọ fún wọn. Kí ọkàn wọn ṣì gbóná díẹ̀.

Ọmọ Ìlàjẹ: Aago mélòó ló lù níbẹ̀ báyìí?

Ẹni tó béèrè: Mẹ́rin ìrọ̀lẹ́.

Ìyá Ìbejì: Ẹni tí mò ń bá kẹ́dùn!

Bàbá Wálé: Mo gba ọ̀rọ̀ mi padà. Kí ó dá san án.

Ẹni tó béèrè: Mò ń lọ bá apẹja náà. Àmọ́ ata yẹn ò pọ̀ jù o.