Èsì: Atẹ́gùn kì í ṣàn

Ẹ̀yin àgbà, ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta.

Mo ka àròkọ tí ẹ̀gbọ́n wa fi ránṣẹ́ lánàá lórí bí àwọn tó ń ṣe mọ́tò ṣe ń fi òwú wá ìwà afẹ́fẹ́ lẹ́yìn ọkọ̀. Àlàyé náà gún régé. Wọ́n á gé òwú kéékèèké, wọ́n á fi téèpù lẹ ẹnu rẹ̀ kọ̀ọ̀kan mọ́ gíláàsì ẹ̀yìn àti búùtù, ẹnì kan á fi ọkọ̀ náà sáré, ọkọ̀ mìíràn á gbé kámẹ́rà tẹ̀ lé e. Ibi tí òwú bá ti sùn gbọọrọ sẹ́yìn, afẹ́fẹ́ ṣì lẹ̀ mọ́ ara ọkọ̀ níbẹ̀. Ibi tó bá ti ń jà, tí òmíràn tiẹ̀ ń kọjú síwájú, afẹ́fẹ́ ti já kúrò lára ọkọ̀. Orúkọ tí wọ́n wá sọ iṣẹ́ náà ló bí mi nínú: "idanwo isan-ategun eyin-oko". Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n kọ ọ́, láìsí àmì ohùn kan ṣoṣo. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin kà á sí "iṣan àtẹ̀gùn", ó ní kí ló kan iṣan ara kan àtẹ̀gùn ilé. Kò jẹ̀bi. Lóṣù tó kọjá, mo dábàá pé ká lo "ìlafẹ́fẹ́" dípò ìṣàn-atẹ́gùn, àti "ìdí ọkọ̀" dípò ẹ̀yìn-ọkọ̀; àwọn tó ta kò mí ni mo ń dá lóhùn.

Ẹ jẹ́ ká tilẹ̀ fi àmì sí i, kó di ìṣàn-atẹ́gùn. Omi ní í ṣàn. Ẹ̀jẹ̀ ń ṣàn. Ta ló gbọ́ ọ lẹ́nu ìyá rẹ̀ rí pé atẹ́gùn ń ṣàn? Ẹ̀gbọ́n ní ìwé ilé-ẹ̀kọ́ ń kọ "ìṣàn iná", àti pé ọgbọ̀n ọdún làwọn fi kọ́ ọmọ ní Yorùbá. Mo dọ̀bálẹ̀ fún ọgbọ̀n ọdún náà, ṣùgbọ́n kò sọ afẹ́fẹ́ di omi. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ló fi ọ̀rọ̀ kan náà, "flow", bo méjèèjì. Àwọn baba wa ní afẹ́fẹ́ ti fẹ́, a ti rí fùrọ̀ adìyẹ. Wọn kò ní ó ti ṣàn.

Síbẹ̀, n kò ní ká lo "fẹ́". Lọ́jọ́ tí ewé kò mì rárá, ọkọ̀ tó ń sáré ṣì ń bá afẹ́fẹ́ jà. Bí eré bá ti 60 kìlómítà ní wákàtí kan di 120, ìdènà afẹ́fẹ́ á di ìlọ́po mẹ́rin. Afẹ́fẹ́ dúró jẹ́ẹ́, ọkọ̀ ló ń là á. Panẹ́ẹ̀lì-bítà ni bàbá mi ní Mọ́kọ́lá, n'Ìbàdàn, ọ̀rọ̀ tó sì máa ń sọ bó bá na ọwọ́ sí ẹ̀yìn mọ́tò tó rẹwà ni pé, "Eléyìí mọ atẹ́gùn-ún là." Kò ka ìwé kankan. Ẹnu rẹ̀ ni mo ti mú "ìlafẹ́fẹ́" tí mo dá lábàá.

Àbúrò wa láti Ìlọrin ní yóò dà bí ẹni pé ọkọ̀ ń fi ahọ́n lá afẹ́fẹ́. Rárá o. "Là" máa ń gba ohùn àárín bí ọ̀rọ̀-orúkọ bá tẹ̀ lé e: ó la igi. "Lá" kì í yí padà: ó lá oyin. Ìlafẹ́fẹ́, kì í ṣe ìláfẹ́fẹ́. Ohùn kan péré ni, òun náà ló sì gbé gbogbo ọ̀rọ̀ dúró.

Ó ku ti ẹ̀yìn. Afẹ́fẹ́ tí imú ọkọ̀ là gbọ́dọ̀ tún pàdé lẹ́yìn. Bí ẹ̀yìn bá ń tẹ́ẹ́rẹ́ díẹ̀díẹ̀ bí ìrù ẹja, ìpàdé náà á rọ̀, ṣùgbọ́n ọkọ̀ á gùn jù. Láàárín 1930 sí 1939, Wunibald Kamm, onímọ̀ ẹ̀rọ ọkọ̀ ní Stuttgart, ní Jámánì, fi hàn pé a lè jẹ́ kó rọra dagun sílẹ̀ fún ìwọ̀n kan, ká wá gé e lójijì, kó má sì pàdánù púpọ̀. Bó bá já wálẹ̀ ṣòòròṣò jù, ibẹ̀ á ṣófo, afẹ́fẹ́ á máa pòòyì, òfìfo náà á sì máa fa ọkọ̀ sẹ́yìn. Mo pe afẹ́fẹ́ tó ń pòòyì yìí ní ààjà. Àwọn kan ní òrìṣà ni Ààjà, kí n má fi orúkọ rẹ̀ ṣeré. Ìyá mi àgbà ló sọ ìtàn ẹni tí ààjà gbé wọ igbó fún mi, òun náà ló ń pe atẹ́gùn tó ń gbá ekuru po lójúde wa ní ààjà. N kò rí èèwọ̀ níbẹ̀.

Ìdí ọkọ̀ ni mo sì ń wí, kì í ṣe ẹ̀yìn-ọkọ̀, nítorí ẹni tó dúró ní ogún ẹsẹ̀ bàtà sí mọ́tò náà wà lẹ́yìn rẹ̀. Ẹni tó ní "ìdí" kò bójú mu, kó wo àwọn ará Jámánì. Nígbà tí ilé-iṣẹ́ Porsche gbé ọkọ̀ Carrera RS 2.7 jáde ní 1972, tí ìdérí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ lẹ́yìn gbérí sókè kí afẹ́fẹ́ má baà gbé ẹ̀yìn ọkọ̀ fúyẹ́ lórí eré, Entenbürzel ni wọ́n pè é, ìyẹn ìdí pẹ́pẹ́yẹ. Ojú kò tì wọ́n.

Ẹni tó ní ká lo ẹ̀fúùfù inú Bíbélì, ìró ẹ̀fúùfù líle ni Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì wí. Ìjì nìyẹn.

Ẹnì kan péré ló mú mi ronú, ẹni tó ní bí a bá pe ìdí ọkọ̀ pọ̀, ó di ìdíkọ̀, ìdíkọ̀ sì ti jẹ́ ibi tí èrò ti ń wọkọ̀. Òótọ́ ni. Mo lè ní ká kọ "ìdí ọkọ̀" lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, ṣùgbọ́n etí kì í gbọ́ àlàfo. Ta ló ní èyí tó sàn jù?