Ọ́tísìmù, ìdáwà, àbí kí ni ká pè é? Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ yanjú ọ̀rọ̀-ìṣe

Ẹ̀yin àgbà, ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, ẹ kú àròjinlẹ̀ o.

Mo ti ka gbogbo ohun tí ẹ kọ láti ìgbà tí àbúrò wa tó ń ṣiṣẹ́ nọ́ọ̀sì ní Òṣogbo níbí ti béèrè orúkọ tí wọn yóò fi pe “autism” (bí ọpọlọ àwọn kan ṣe ń dàgbà lọ́nà tó yàtọ̀, tó ń hàn nínú bí wọ́n ṣe ń bá èèyàn sọ̀rọ̀ àti bí wọ́n ṣe ń bá èèyàn lò) nínú ìwé pélébé tí wọ́n fẹ́ pín fún àwọn òbí. Ẹ̀gbọ́n wa tó wà ní Ìlọrin fọwọ́ sí “ìdáwà”. Ẹnì kan láti Adó-Èkìtì ní “àrùn ìdáwà ọmọdé” ló pé jù. Bàbá wa tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́ ní ká dá orúkọ tuntun pátápátá, pé ìwà ọ̀lẹ ni ọ̀rọ̀ àyálò. Àwọn tó kù ní ká kàn kọ “ọ́tísìmù”, ká máa bá tiwa lọ.

“Ọ́tísìmù” lèmi náà fara mọ́, màá sì sọ ìdí rẹ̀. Ṣùgbọ́n orúkọ kọ́ ló ń dà mí láàmú jù. Ọ̀rọ̀-ìṣe tí à ń so mọ́ ọn ni. Ẹ fetí sílẹ̀ nígboro Òṣogbo níbí. Ẹnì kan á ní “ọmọ yẹn ti kó o”. Ẹlòmíràn á ní “nǹkan kan ń ṣe ọmọ náà”. Ìwọ̀nba díẹ̀ ló máa ń sọ pé “wọ́n bí i mọ́ ọn ni”. Orúkọ yòówù tí ẹ bá yàn, tí ẹ bá fi “kó” tàbí “ń ṣe” síwájú rẹ̀, ìwé pélébé yẹn ti bàjẹ́.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ mú “ìdáwà” kúrò nílẹ̀. Mo mọ ibi tí ẹ̀gbọ́n wa ti mú un wá: àwọn Lárúbáwá ń pè é ní tawaḥḥud, láti ara ọ̀rọ̀ tó túmọ̀ sí ọ̀kan ṣoṣo. Gíríìkì tí àwọn òyìnbó ti fa tiwọn yọ náà kò jìnnà sí i, “ara ẹni” ni autos. Ohun tí a kì í rántí ni pé wọn kò dá orúkọ yẹn fún àwọn ọmọ wọ̀nyí rárá. Eugen Bleuler, dókítà ọmọ Switzerland, ló gbé e jáde ní nǹkan bí ọdún 1911, àwọn tó ní irú àìsàn ọpọlọ tó ń mú èèyàn gbọ́ ohùn tí ẹlòmíràn kò gbọ́ ló sì ń sọ nípa wọn. Leo Kanner, dókítà ọpọlọ àwọn ọmọdé ní Amẹ́ríkà, yá a ní ọdún 1943 fún àwọn ọmọ 11 tó rí ní Baltimore, ọkùnrin 8, obìnrin 3. (Obìnrin dókítà kan ní Moscow, Grunya Sukhareva, ti ṣàpèjúwe irú wọn láti 1925, ṣùgbọ́n ó pẹ́ gan-an kí wọ́n tó ka tirẹ̀ sí.) Àyálò lórí àyálò ni! Òjìji àìsàn àkọ́kọ́ sì tẹ̀ lé orúkọ náà. Ìwé àtìgbàdégbà tí àwọn olùwádìí dá sílẹ̀ ní 1971 pa ọ́tísìmù àti àìsàn ọpọlọ yẹn pọ̀ mọ́ra lára àkọlé rẹ̀. Ìgbà tó di 1979 ni wọ́n tó yọ ọ́, tí wọ́n fi ọ̀rọ̀ nípa ìdàgbàsókè rọ́pò rẹ̀. Bí àwọn tó ni orúkọ bá ṣe làálàá báyìí láti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, kí ló dé tí àwa á fi túmọ̀ rẹ̀ ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan?

Yàtọ̀ sí ìyẹn, “ìdáwà” kì í ṣe òótọ́. Ìyá kan wà ní Ọjà Ọba tó ń ta ata. Abẹ́ tábìlì rẹ̀ lọmọ rẹ̀ ọkùnrin máa ń wà, á máa to ata ròdo sórí àpò sìmẹ́ńtì, láti orí èyí tó tóbi dé orí èyí tó kéré. Oníbàárà kan mú ọ̀kan nínú rẹ̀, ọmọ figbe ta. Ìyá gbà á lọ́wọ́ oníbàárà, ó dá a padà sáàyè rẹ̀ gan-an, ó bu òmíràn fún un. Ọmọ dákẹ́, ó fẹ̀yìn ti ojúgun ìyá rẹ̀, ó ń bá títò lọ. Nígbà tí mo bi ìyá náà bóyá ó gbà pé ọmọ rẹ̀ fẹ́ràn àtimáa dá wà, ó wò mí tìyanu-tìyanu: “Ta ló ń dá wà? Bí mo bá dìde lọ tọ̀, ó ti dé ẹ̀yìn mi.”

Damian Milton, olùwádìí tó ní ọ́tísìmù fúnra rẹ̀, kọ ọ́ ní 2012 pé apá méjì ni ọ̀rọ̀ náà ní: bí ẹni tó ní ọ́tísìmù kò ṣe tètè mọ ohun tó wà lọ́kàn wa, bẹ́ẹ̀ làwa náà kì í mọ ohun tó wà lọ́kàn tirẹ̀. Òyìnbó ní láti hun gbólóhùn tuntun fún èyí. Ó ti wà nílé wa tipẹ́: àìgbọ́ra-ẹni-yé. Kò sí ẹni tó lè dá jẹ̀bi àìgbọ́ra-ẹni-yé.

Ó wá ku àwọn ọ̀rọ̀-ìṣe wọ̀nyẹn.

“Kó.” Ohun tí èèyàn bá kó, ibì kan ló ti kó o. Ìbéèrè tó máa tẹ̀ lé e kò lè ju “níbo?” lọ, àwọn kan á sì na ìka sí abẹ́rẹ́ àjẹsára. Ẹ ò ní gbàgbé ìwé tí Andrew Wakefield, dókítà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ̀ jáde nínú Lancet, ìwé ìròyìn àwọn oníṣègùn, ní 1998, lórí ọmọ 12 péré, tó mú káwọn èèyàn máa so abẹ́rẹ́ náà mọ́ ọ́tísìmù. Ní 2010, ìwé ìròyìn náà fúnra rẹ̀ fagi lé e. Ní Denmark, wọ́n tọpa ọmọ 657,461, wọ́n sì gbé èsì jáde ní 2019: abẹ́rẹ́ tí wọ́n ń gún nítorí ìta kò mú kí ọ́tísìmù pọ̀ sí i. Ìròyìn 1998 yẹn ṣì ń rìn káàkiri lórí fóònù wa títí dòní. A ò gbọ́dọ̀ fi “kó” ràn án lọ́wọ́.

“Ń ṣe.” Èyí ló burú jù lójú tèmi, nítorí pé ó dùn-ún gbọ́, ó sì dà bí ọ̀rọ̀ àánú. “Ó ń ṣe é” kì í pẹ́ di “wọ́n ń ṣe é”. Gbogbo wa la sì mọ ẹni tí “wọ́n” jẹ́ nínú gbólóhùn yẹn: ìyàwó àgbà, ìyá ọkọ, tàbí kẹ̀, ìyá ọmọ gan-an. Ẹ má rò pé àwa nìkan ló ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ní Amẹ́ríkà, ọjọ́ pẹ́ tí àwọn dókítà fi ń sọ pé òtútù ọkàn ìyá ló fà á, wọ́n ń pe àwọn ìyá náà ní ìyá fìríìjì. Bruno Bettelheim sọ ọ́ di ìwé odindi ní 1967. Ìyẹn náà, “wọ́n ń ṣe é” ni, aṣọ òyìnbó ni wọ́n kàn wọ̀ fún un.

“Bí mọ́.” Ọ̀rọ̀ ìbejì ló yanjú èyí, ọmọ Yorùbá ò sì gbọ́dọ̀ fojú rénà ọ̀rọ̀ ìbejì. Susan Folstein àti Michael Rutter wá ìbejì 21 rí ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó kéré tán ẹnì kan nínú ìbejì kọ̀ọ̀kan sì ní ọ́tísìmù. Nínú ìbejì 11 tó ti ara ẹyin kan ṣoṣo wá, 4 ló jẹ́ pé Táíwò àti Kẹ́hìndé ló jọ ní in. Nínú ìbejì 10 tó ti ara ẹyin méjì wá, kò sí ọ̀kan. Ọdún 1977 ni wọ́n tẹ èyí jáde. Iye wọn kò pọ̀, ṣùgbọ́n àwọn ìwádìí tó tóbi jù ú lọ ti tẹ̀ lé e, ibì kan náà ni wọ́n sì forí lé. Inú ìṣẹ̀dá ọmọ ló ti wá. Bí ìyá ṣe ń gbé e pọ̀n kò sí níbẹ̀.

Ẹ ṣọ́ra o, “bí mọ́” náà ní ewu tirẹ̀. Bí a bá kọ “àbímọ́”, àwọn kan á kà á sí “àrùn ìdílé”, ẹ sì mọ ohun tí ìyẹn máa ń dá sílẹ̀ nígbà tí àwọn àgbà bá ń ṣe ìwádìí ilé kí wọ́n tó gbà láti fọmọ fúnni. Wárápá àti ẹ̀tẹ̀ ti ba ìgbéyàwó jẹ́ tó. Nítorí náà, ìwé pélébé ní láti fi kún un pé àyípadà tó wà nínú àbùdá ọmọ (ohun tí òyìnbó ń pè ní “gene”) nígbà mìíràn kò sí lára bàbá, kò sí lára ìyá, ara ọmọ yẹn ló ti kọ́kọ́ ṣẹlẹ̀. Gbólóhùn kan ti tó.

“Bí mọ́” tún dá ará Èkìtì wa lóhùn. Kí ni “ọmọdé” ń wá nínú orúkọ náà? Ohun tí wọ́n bí mọ́ni kì í ṣí lọ lọ́jọ́ tí irùngbọ̀n bá hù. Àwọn dókítà Amẹ́ríkà náà so ó mọ́ ọmọ ọwọ́ nínú ìwé ìlànà wọn ti 1980. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n lọ ka àwọn àgbàlagbà kiri ilé ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí èsì rẹ̀ jáde ní 2011, nǹkan bí ẹni 10 nínú 1,000 ló ní in, ó sì yani lẹ́nu pé púpọ̀ nínú wọn kò tiẹ̀ mọ̀. Irú wọn ń bẹ láàárín wa. Ọkùnrin tó ń tún rédíò ṣe, tó mọ gbogbo wáyà inú rẹ̀ ní orí, tí kì í lọ òde ìnáwó nítorí ariwo ẹ̀rọ gbohùngbohùn, tí ẹbí sì ń pè ní agbéraga, ta ló bi í léèrè rí? Èmi ò sọ pé ọ́tísìmù ni tirẹ̀ o. Mo ní orúkọ tí a bá yàn gbọ́dọ̀ gba irú ẹni bẹ́ẹ̀ láyè.

Bàbá olùkọ́ wa, ẹ dákun, ẹ fi èyí jìn mí: àdúrà, àlùbọ́sà, wàhálà, ta ló ń pe àwọn wọ̀nyẹn ní ọ̀lẹ? Mo gbóríyìn fún ẹni tó dá “rọmọlápárọmọlẹ́sẹ̀” àti “fòníkú-fọ̀ladìde” sílẹ̀, nítorí pé ojú ń rí apá àti ẹsẹ̀, ojú sì ń rí ẹni tó kú lónìí tó jí lọ́la. Kí lojú ń rí lára ọ́tísìmù? Ohun tí ẹni tó ń wò bá rò ni. Ẹ sì rántí bí AIDS ṣe di “éèdì” lẹ́nu wa, tó lọ jọ èèdì tí wọ́n ń di èèyàn. Ìró lásán ni, síbẹ̀ ó ti tó láti gbé aláìsàn lọ sílé adáhunṣe dípò ọsibítù. Mo mọ̀ pé àwọn Māori ní New Zealand ṣe é dáadáa: Keri Opai dá takiwātanga sílẹ̀ fún wọn ní 2017, ó sì túmọ̀ sí kí èèyàn wà ní àyè àti àsìkò tirẹ̀. Bí Yorùbá tó ní ọ́tísìmù fúnra rẹ̀ bá dá irú rẹ̀ fún wa lọ́la, màá jẹ́ ẹni àkọ́kọ́ tí yóò tẹ́wọ́ gbà á. Kó tó di ìgbà náà, “ọ́tísìmù”, s ni o, kì í ṣe z, a ò ní z.

“Ọlọ́tísìmù” ńkọ́? Ẹnì kan ní èébú ni, pé ó jọ “ẹlẹ́tẹ̀”. Ó jọ “ọlọ́gbọ́n” náà. “Oní-” kò gbè sẹ́yìn ẹnikẹ́ni. Ìwádìí kan tó jáde ní Bìrìtìkó ní 2016 fi hàn pé irú èyí ni ọ̀pọ̀ àgbàlagbà tó ní i fẹ́ràn, àwọn oníṣẹ́ ìlera ló fẹ́ràn “ẹni tó ní”. Ẹ lo méjèèjì.

Fún “spectrum”, ìyẹn bí ọ́tísìmù ṣe ń hàn lára ẹnì kọ̀ọ̀kan lọ́nà tirẹ̀, ẹ jẹ́ ká ju “ìpele” nù. Lẹ́yìn iṣẹ́ tí àwọn olùwádìí méjì, Lorna Wing àti Judith Gould, ṣe ní Camberwell ní Lọ́ńdọ̀nù, tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1979, ni èrò yìí fìdí múlẹ̀, kì í sì í ṣe àkàsọ̀ tí èèyàn ń gùn. Ọmọ tí kò sọ̀rọ̀ rárá lè mọ ọ̀nà dé gbogbo àdúgbò. Ẹni tó gba oyè ní yunifásítì lè máà lè jókòó nínú dánfó. Ìlú aró la wà: inú ìkòkò kan náà ni wọ́n ti ń yọ àdìrẹ, síbẹ̀ ọnà ara aṣọ kọ̀ọ̀kan yàtọ̀. “Ọ́tísìmù ọ̀kan-ò-jọ̀kan” ni màá kọ. Ọ̀rọ̀ ọjọ́ gbogbo ni, ìyá aláta á yé e.

Ohun kan ló kù tó le ju orúkọ lọ, àbúrò wa nọ́ọ̀sì kò sì tíì rí ojútùú rẹ̀. Wọ́n tún fẹ́ túmọ̀ irú ìbéèrè tí wọ́n ń bi òbí ọmọ tó wà láàárín oṣù 16 sí 30, láti fi mọ̀ bóyá ó yẹ kí wọ́n yẹ ọmọ náà wò fún ọ́tísìmù. Ọ̀kan níbẹ̀ ń béèrè bóyá ọmọ máa ń wo òbí lójú bí wọ́n bá ń bá a sọ̀rọ̀. Bí a bá kọ “ṣé ó máa ń wò yín lójú?”, ìyá tó kọ́mọ dáadáa á ní “rárá o, ọmọ mi kì í wo àgbà lójú”, ó ti gba máàkì àìdáa fún ẹ̀kọ́ ilé. Mo dábàá: “Bí ẹ bá ń bá a ṣeré, tàbí tí ẹ ń wọṣọ fún un, ṣé ojú yín àti ojú rẹ̀ máa ń pàdé?” Ìkejì ń béèrè bóyá ọmọ máa ń fi ìka tọ́ka sí nǹkan kí ẹ lè bá a wò ó, láìjẹ́ pé ó fẹ́ gbà á. “Nawọ́ sí” kò dára, nítorí pé ọmọ tó ń bẹ̀bẹ̀ fún bisikíìtì náà ń nawọ́. “Ṣé ó máa ń fìka han yín pé ẹ wo ewúrẹ́, ẹ wo mọ́tò?” ni mo ní lọ́wọ́ báyìí. Ẹ̀yin ará Ìjẹ̀ṣà, Èkìtì àti Ìgbómìnà, báwo ni ìyá ṣe ń sọ ọ́ lọ́dọ̀ yín? Ẹ kọ ọ́ ránṣẹ́ kí wọ́n tó kó o lọ sílé ìtẹ̀wé.