Já, bọ́, tú: ṣé a nílò ọ̀rọ̀ tuntun fún ìjà ẹni tí wọ́n dè?

Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin ará mi. Àbúrò wa tó ń ka ìròyìn lórí rédíò ní Ìlọrin béèrè ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tóun lè fi pe ìjà tí ẹni tí wọ́n dè ń jà kó lè kúrò nínú okùn, ìbáà bọ́, ìbáà má bọ́. Ẹ̀gbọ́n wa kan dábàá “ìjàdè”, ìyẹn ìjà pẹ̀lú ìdè. Ẹlòmíì ní ká mú “ìjìjàgbara”, ó ṣe tán, ó ti wà nílẹ̀. Èmi ò fara mọ́ ìkankan.

Lẹ́nu, ohùn ya “ìjàdè” sọ́tọ̀ sí “ìjáde”. Ìwé ìròyìn tí kì í fi àmì sórí ọ̀rọ̀ ńkọ́? Bí wọ́n bá kọ “Ijade àwọn tí wọ́n jí gbé”, òǹkàwé á ti máa dúpẹ́ pé wọ́n ti jáde, àwọn yẹn sì wà nínú okùn. Ní ti “ìjìjàgbara”, ó ti di ti àwọn tó ń jà fún òmìnira ìlú àti orílẹ̀-èdè. Ẹ ò lè fi pe ti àgùntàn.

Mo mẹ́nu ba àgùntàn nítorí pé ọ̀dọ̀ wọn lọ̀rọ̀ yìí ti hàn kedere. Ẹ lọ sí ọjà Ìpàta ní Ìlọrin bí Iléyá bá ti ń kanlẹ̀kùn. Abo àgùntàn tí wọ́n so lọ́rùn á máa fà sẹ́yìn, á fi pátákò iwájú tilẹ̀, á dorí kodò, okùn á rọra gun etí rẹ̀, á sì fò ó. (Àgbò oníwo ò lè rí èyí ṣe, ìwo á há okùn.) Ẹni tó ni ín á figbe ta: “Ó ti bọ́ o!” Àgbò tí wọ́n so lẹ́sẹ̀ ńkọ́? Pátákò kì í jẹ́ kí okùn yọ, nítorí náà á máa ta, á máa fà, títí okùn tó ti gbó á fi pín sí méjì. Ìgbà yẹn ni wọ́n ń pariwo pé “Ó ti já!” Bó bá sì jẹ́ pé ọmọdé ló so ó tí kókó ò le, okùn ló tú.

Ẹ wò ó dáadáa: ohun tó ṣẹlẹ̀ sí okùn la ń ròyìn. Bó bá já, okùn ti bàjẹ́. Bó bá bọ́, okùn wà bó ṣe wà, ara ló kúrò níbẹ̀. Bó bá tú, kókó ló ṣí. Bó bá wá jẹ́ ọwọ́ èèyàn ló dì í mú, a ní ó já ara rẹ̀ gbà. Ọ̀rọ̀ orúkọ kan ṣoṣo á da gbogbo rẹ̀ pọ̀.

Òpin ìjà nìwọ̀nyí ṣá. Àárín ìjà ni àbúrò wa ń béèrè. “Jà ràpàràpà” ò tó, bí ara ṣe ń ṣe nìkan ló sọ. Adìẹ tí wọ́n dúńbú náà ń jà ràpàràpà, kò sì níbi tó ń lọ.

Kì í sì í ṣe gbogbo ẹni tó wà nínú ìdè ló láyè àtimira. Àjàyí Crowther kọ ọ́ sínú lẹ́tà kan lọ́dún 1837, nípa bí wọ́n ṣe mú un ní Òṣogùn ní 1821. Wọ́n fi okùn kọ́ òun, ìyá rẹ̀ àtàwọn ọmọ ìyá rẹ̀ lọ́rùn bí ewúrẹ́ tí wọ́n so pọ̀, ẹnì kan ṣoṣo ló sì ń dà wọ́n lọ. Nígbà tó dé Èkó, ẹ̀wọ̀n irin gígùn ni wọ́n fi so ọmọdé mọ́ àgbà lọ́rùn. Bí àwọn àgbà bá fìbínú fa ẹ̀wọ̀n, ọrùn àwọn ọmọdé ló ń bó. Ẹnì kan ń jà, ẹlòmíì ń jẹ ìyà rẹ̀: ẹ fi “ìjìjàgbara” síbẹ̀ kẹ́ ẹ wò ó. Crowther ò já, kò sì bọ́. Ọkọ̀ ogun àwọn Gẹ̀ẹ́sì ló mú ọkọ̀ tí wọ́n kó wọn sí lóṣù kẹrin ọdún 1822. Wọ́n gbà á sílẹ̀ ni.

Ìdí nìyẹn tí mo fi ń ṣọ́ ọ̀rọ̀ ìròyìn ilé wa. Nígbà tí àwọn èèyàn 38 tí wọ́n jí gbé ní ṣọ́ọ̀ṣì ní Eruku, ní ìpínlẹ̀ Kwara, gba òmìnira ní oṣù kọkànlá ọdún 2025, mo gbọ́ “wọ́n dóòlà wọn”, mo gbọ́ “wọ́n tú wọn sílẹ̀”, mo sì gbọ́ “wọ́n bọ́”. Èkíní ní ẹlòmíì ló lọ gbà wọ́n. Èkejì ní ẹni tó dè wọ́n ló fúnra rẹ̀ ṣí okùn. Ẹ̀kẹta ò dárúkọ ẹnikẹ́ni. Òǹkàròyìn tó bá ń fi ọ̀kan rọ́pò èkejì bó ṣe wù ú ń fi ẹni tí kò jagun joyè. (Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ti “japa” bọ̀ ọ́. Ẹni tó ra tíkẹ́ẹ̀tì Kánádà ló japa. Ẹni tí wọ́n dè tọwọ́tẹsẹ̀ ò tíì débi eré sísá.)

Àbá tèmi ò le. Bó bá ti jà tó sì ti kúrò nínú ìdè, “àjàbọ́” ń bẹ nílẹ̀, kò béèrè àlàyé. Bí ìjà ò bá tíì tán, ẹ pè é ní “ìjà àtibọ́”. Ẹni tó ń wá àtijẹ ò tíì jẹun. Ẹni tó ń wá àtibọ́ náà ò tíì bọ́, a ò sì ṣèlérí fún olùgbọ́ pé á bọ́. Ọ̀rọ̀ méjì ni, kì í ṣe ẹyọ kan tí àbúrò wa fẹ́, ṣùgbọ́n ó dán lẹ́nu, ìyá àgbà tó ń gbọ́ rédíò ní Ọjà Ọba ò ní béèrè ìtumọ̀ rẹ̀.

Ibì kan ṣì kù tí mi ò rí ọ̀rọ̀ fún. Ẹran tí tàkúté mú lẹ́sẹ̀, tó gé ẹsẹ̀ ara rẹ̀ jẹ kó tó lọ: okùn ò já, tàkúté ò ṣí, ẹsẹ̀ ló já. Ẹ̀yin ọmọ ọdẹ Ìgbómìnà, láti Òmù-Àrán dé Àjàṣẹ́-Ìpo, kí lẹ ń pè é níjù? Ẹ má ṣẹ̀dá ọ̀rọ̀ fún mi o, èyí tẹ́ ẹ gbọ́ lẹ́nu àwọn bàbá yín ni kẹ́ ẹ mú wá.